Iná Inú Bídọ̀ Ẹ̀wà

Mo máa ń tètè bínú. Gbogbo ìlú wa, Odomèta, ló mọ̀, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ ti ọdún yìí, ọpẹ́ ni mo fi ń dá.

Rachidatou, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo tọ́ dàgbà, ń ṣe tẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ ìwádìí àṣegboyè ọ̀mọ̀wé, ní yunifásítì ní Kútọ̀nú. Irin olówó iyebíye kan tí wọ́n ń pè ní irídíọ̀mù ló ń pò mọ́ kẹ́míkà, kí ó lè máa tàn lójú tẹlifóònù. Nígbà ìsinmi, ó gbé ìgò kékeré mẹ́ta wálé, omi pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ wà nínú wọn. Ó ní òun ò fọkàn tán ibi ìkóǹkansí yunifásítì. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ló kù sínú ìgò mẹ́ta yẹn. Irin náà ti tán, bí omi náà kò bá sì tàn lójú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tẹ́ẹ̀sì dòfo.

Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Ó ní, “Tántì, iná ni.”

Iná kẹ̀! Èmi tí mo ń ta epo kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, tí bídọ̀ epo mẹ́fà, kẹ́ẹ̀gì ńláńlá, wà ní yàrá kejì! Ìmọ́lẹ̀ ló ní lọ́kàn, èyí tó ń jó lèmi gbọ́. Mo bú ọmọ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó lọ kí àwọn ènìyàn wa ní Kpankou, ìgò kan ṣoṣo ni mo rí lórí tábìlì, méjì tó kù wà nínú àpò rẹ̀. Kí iná má bàa ran epo, mo rì í sínú bídọ̀ ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, mo da ẹ̀wà kún un dé ọrùn, mo fi ìda dí ẹnu bídọ̀ náà, bí ìyá mi ti kọ́ mi láti tọ́jú ẹ̀wà. Kòkòrò inú ẹ̀wà á mí atẹ́gùn ibẹ̀ tán, wọ́n á sì kú. Nígbà tó wá a títí, mo ní mo ti jù ú nù. Kò bú mi. Ó kó méjì tó kù, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó pè mí. Ọ̀la ni ìdánwò tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ìgò méjèèjì ò sì tàn mọ́. Ó ní ìdérí wọn ń jò díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ti wọlé, atẹ́gùn ló sì ń pa irú iná bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ ìgò tí mo “jù nù” rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo fọ́ ìda, mo tú ẹ̀wà dà sílẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ sí Kútọ̀nú. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, mo fi ìgò lé e lọ́wọ́, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi, mo sọ bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò sí i. Omi náà tàn yòò, àwọ̀ ewé.

Rachidatou kúnlẹ̀. “Tántì, ẹ ṣeun. Ibi tí kò sí atẹ́gùn lẹ fi í sí.”

Mo ní kó dìde, kò dìde. Èmi tó yẹ kí n tọrọ àforíjì ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún! Èmi náà kúnlẹ̀ tì í níbẹ̀, níṣojú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.