Ìyá Tí Fadá Fi Ṣe Ìwàásù

Nínú ìjọ Kátólíìkì kékeré tó wà ní Fìdítì, kò sí ẹni tó mọ ìwàásù Fadá Nathaniel bí ẹni mowó tó Tíṣà Josephine. Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin náà ti ń ka Ìwé Mímọ́ sí etí ìjọ. Bí ó bá kà á tán, a padà sórí àga iwájú, a káwọ́ lé itan, a máa tẹ́tí. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ó mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì kò bá ka iṣẹ́ rẹ̀ wá.

Fadá Nathaniel kì í ka tirẹ̀ wá. Bí Ìhìnrere bá sọ̀rọ̀ afọ́jú, òun a máa sọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú Ìbàdàn. Bí ó bá sọ̀rọ̀ afúnrúgbìn, níwájú àwọn èèyàn tó ń gbin àgbàdo láti kékeré, Fadá a fi odindi ìwàásù bá àwọn tó pẹ́ dé Máàsì wí. Àwọn Onítẹ̀bọmi àti Áńgílíkà ló pọ̀ nílùú náà, wọ́n sì máa ń bi Tíṣà léèrè lọ́jà pé kí ni Fadá wọn sọ lánàá. Irọ́ ló máa ń pa fún wọn. Èyí gan-an ló ń bí i nínú jù, pé ọkùnrin yìí ti sọ òun di òpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Nòfẹ́ńbà, oṣù tí àwọn Kátólíìkì fi ń rántí òkú wọn. Lọ́jọ́ náà, Fadá kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní òun fẹ́ sọ nípa ìyá òun. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni òun wà nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé ara ìyá kò yá, òun sì ní kí òun parí ìdánwò ná. Ìgbà tí òun fi máa délé, ìyá ti kú, abọ́ oúnjẹ tí ó ní kí wọ́n bù sílẹ̀ de òun ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n fi ìdérí dé e. Ohùn Fadá gbọ̀n.

Ẹkún sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà Josephine ló sunkún jù. Olúbùsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn nílé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Inú bọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ wà, kò tíì dé Mọníyà, nígbà tí ọmọ dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, Tíṣà kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó ń dun òun jáde láti orí àga ìwàásù rí.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé iṣu mẹ́ta àti ìgò epo kan lọ sílé Fadá. Ó tọrọ àforíjì pé òun ti ń fi ojú tí kò dára wò ó. Ó wá ní kí Fadá fún òun ní orúkọ ìyá náà, kí òun kọ ọ́ mọ́ orúkọ àwọn òkú tí wọ́n ń kà ní Máàsì nínú oṣù náà.

Fadá wo ògiri díẹ̀. "Màríà," ló wí.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Josephine fi kọ ọ́, sí abẹ́ orúkọ Olúbùsọ́lá gan-an. Gbogbo Sọ́ńdè tó kù nínú oṣù náà ló kà á sókè, tí ìjọ sì dáhùn pé kí Olúwa fún un ní ìsinmi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Fẹ́búárì, Ṣùkúrù ọlọ́kadà dúró níwájú ilé Tíṣà. Ó gbé obìnrin kan wá, tó fi ìbòrí funfun borí, tó gbé báàgì ọ̀rá dání.

"Tíṣà, àlejò Fadá yín rèé," ni Ṣùkúrù wí. "Mo gbé wọn dé ilé Fadá, ibẹ̀ tì pa."

Josephine ní kí àlejò wọlé, ó sì bu omi fún un. Obìnrin náà ní Bàrákátù ni orúkọ òun, Ṣakí ni òun ti wá, òun ni ìyá Nathaniel.

Tíṣà kò kọ́kọ́ dààmú. Oríṣiríṣi ìyá ni ọmọ ń ní: àbúrò ìyá wà, orogún ìyá wà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wà. Ó rọra béèrè. "Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ bí Fadá?"

Àlejò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló mú un lọ sí Kátólíìkì, èmi ṣì ń kírun tèmi, kò sì díjà sílẹ̀ láàárín wa. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wálé kẹ́yìn. Ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ò jẹ́. Mo ní kí n wá fojú ara mi rí i."

Josephine dìde, ó ní kí àwọn jọ lọ dúró de Fadá nílé rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Fadá dé. Tíṣà ti mú àlejò lọ síbẹ̀, ẹni tí ń tọ́jú ilé ti ṣílẹ̀kùn fún wọn, obìnrin náà sì ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ní pálọ̀, Tíṣà nìkan ló pàdé Fadá.

"Ìyá yín ń wẹ̀," ló wí. "Èyí tí a gbàdúrà fún ní Nòfẹ́ńbà."

Fadá kò jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Níbo lẹ ti rí ìtàn yẹn?"

"Lórí fóònù. Àlùfáà òyìnbó kan ló fi wàásù. Àpẹẹrẹ ni, mà. Jésù náà pa òwe."

"Jésù ní ọkùnrin kan bí ọmọ méjì. Kò sọ pé òun ni ọ̀kan nínú wọn."

"Ẹ gbọ́, mà. Kí ni ìwàásù wà fún? Kí ọkàn èèyàn lè rọ̀ ni. Ṣé ẹ ò sunkún? Ṣé ẹ ò gbàdúrà fún ọmọ yín lọ́jọ́ náà ju bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ? Ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Àlùbọ́sà náà máa ń pa mí lẹ́kún, Fadá. Mi ò gbé e lọ sórí pẹpẹ." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún wọn kí ẹ tó dìde. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tó ń lọ sóko lọ́la. Ẹ ò rí nǹkan kan sọ, lẹ bá pa ìyá yín."

Ojú Fadá le. "Ẹ ti fẹ̀yìn tì, mà. Èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín."

"Ká ní ọmọ kíláàsì mi lẹ jẹ́ ni, ǹ bá ti ní kí ẹ lọ tún un ṣe. Ẹ sọ fún wọn ní Sọ́ńdè. Gbólóhùn kan péré ni."

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò gbà mí gbọ́ mọ́?"

"Ta ló ń gbà yín gbọ́ tẹ́lẹ̀?"

Àlejò wọlé, omi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Fadá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá fọwọ́ pa á lórí, ó ń pe oríkì rẹ̀. Tíṣà mú báàgì tirẹ̀, ó lọ sílé. Kò sọ nǹkan kan fún obìnrin náà lọ́jọ́ náà, kò sì sọ ọ́ ní Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta. Ó ní ẹnu ọmọ ló yẹ kí ìyá ti gbọ́ ọ.

Ní Sọ́ńdè, Bàrákátù bá wọn lọ sí Máàsì kí ó lè rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Olúwafúnmilọ́lá, tó ń ta aṣọ òkìrìkà, ló jókòó tì í. Fadá wàásù tán, ó nu ojú.

"Àlejò pàtàkì kan wà láàárín wa," ló wí. "Ẹ bá mi kí màmá tó tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n ṣe bí ìyá fún mi."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Láti ibi tó jókòó sí, Josephine rí i tí ẹ̀rín dúró sójú kan lẹ́nu obìnrin náà. Nígbà tó tó àkókò tí ìjọ máa ń kí ara wọn ní kí àlàáfíà wà pẹ̀lú rẹ, Ìyá Olúwafúnmilọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ àlejò mú.

"Ẹ ṣeun tí ẹ bá olóògbé tọ́ ọ," ló wí. "Ìtàn bí ìyá rẹ̀ ṣe kú pa wá lẹ́kún gan-an. Màríà, àbí?"

Bàrákátù fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ níbi tó na ọwọ́ méjèèjì lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ló mú báàgì ọ̀rá rẹ̀, ó jáde. Josephine, tí kò kúrò nínú Máàsì kí ó tó parí rí láyé rẹ̀, dìde tẹ̀ lé e.

Ẹ̀bá títì, níbi tí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ti máa ń gbé èrò, ló ti bá a.

"Láti Ọjọ́bọ̀ lẹ ti mọ̀," ni Bàrákátù wí. "Ẹ bi mí bóyá èmi ni mo bí i. Mo rò pé ẹ kàn ń bi mí ni."

"Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò sọ fún yín."

"Ẹ wá jẹ́ kí n wọ aṣọ tó dára, kí n jókòó láwùjọ, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún òkú."

Josephine fẹ́ kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Obìnrin náà yíjú kúrò.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ọ̀kan sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, ọ̀kan dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Mi ò mọ èyí tó sàn nínú yín."

Bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì. Ìhìnrere tí wọ́n kà jẹ́ ti Jésù nínú aginjù, ṣùgbọ́n Fadá kò dé ibẹ̀ rárá. Hámù ọmọ Nóà ló fi àádọ́ta ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lé lórí, ọmọ tó rí ìhòòhò baba rẹ̀ tó sì lọ ròyìn rẹ̀ níta. Gbogbo ìjọ ló rí i nígbà tí Josephine tẹ̀ lé àlejò jáde, nítorí náà kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Josephine jókòó títí ó fi parí. Nígbà tí wọ́n túká, ó kó ìwé tó fi ń kàwé fún ìjọ lé Nehemiah, Kátíkíìsì tó ń bá Fadá kọ́ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́, lọ́wọ́, ó ní òun kò kà á mọ́.

"Nítorí kí ni, Tíṣà?" ni Nehemiah béèrè. "Ẹ fi sílẹ̀. Fadá ni."

"Mi ò lè máa se ọbẹ̀ fún ẹni tí yóò máa dà á nù."

Láti ìgbà náà, Ìlọrà ni Ṣùkúrù ń gbé e lọ ṣe Máàsì. Fadá àgbàlagbà kan tó ń húkọ́ ló wà níbẹ̀. Ní Sọ́ńdè kẹta nínú Lẹ́ńtì, nígbà tí wọ́n ka ti obìnrin ará Samáríà létí kànga, bàbá náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré. Ó ní kí wọ́n ro ti ẹni tó lọ pọnmi lọ́sàn-án gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí kò fẹ́ pàdé àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀, àti bí ó ṣe padà lọ bá àwọn èèyàn wọ̀nyẹn gan-an. Ó tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó. Josephine kò rí àléébù kankan fi kàn án. Síbẹ̀ inú rẹ̀ kò rọ̀. Obìnrin Ṣakí nìkan ló ń rò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Josephine tún pe Bàrákátù lórí fóònù, sí nọ́ńbà tó ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ó ti pè é lọ́pọ̀ ìgbà, kò gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e.

"Ṣé ó ti sọ fún wọn?"

"Rárá. Kò tíì sọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàrákátù gé ìpè náà.

Tíṣà wé gèlè, ó lọ sílé Ìyá Olúwafúnmilọ́lá, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

"Mo ti fura láti ọjọ́ tí màmá yẹn ti jáde," ló wí. "Ìwàásù yẹn nìkan ló wọ̀ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí Fadá ti dé. Kí lẹ wá fẹ́ kí n fi ohun tí ẹ sọ yìí ṣe?"

Ó ti ilẹ̀kùn. Josephine gba ọ̀nà ilé Nehemiah lọ, láti ro ẹjọ́ náà fún òun náà.