Òkìtì Ẹ̀bá Títì

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni Morádéún kó àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Sátidé kan láti gbá ẹ̀bá títì Ajégúnlẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n wa pàǹtí inú gọ́tà, wọ́n ṣa agolo àti àkísà, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ìdí òpó iná, kí ọkọ̀ akólẹ̀ lè rí i kó lọ́jọ́ Ajé.

Ọkọ̀ ọ̀hún dà? Kò wá. Àwọn ará àdúgbò ló wá. Wọ́n rí òkìtì náà, wọ́n ṣebí ibẹ̀ ni ìjọba ní kí wọ́n máa dalẹ̀ sí, kálukú sì ń ru tilé rẹ̀ bọ̀. Morádéún pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ẹ má bínú, mà," ni Ejiro aránṣọ wí, ó sì da garawa tiẹ̀ síbẹ̀. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ dalẹ̀ síbẹ̀?"

Morádéún ń gbá ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbàdí ń ro ó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dín kù. Nígbà tó yá, ó ku òun àti ìgbálẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tó ń ti Ìjọ́ra bọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń tòògbé nínú bọ́ọ̀sì. Igbe kọ̀ńdọ́ ló jí i.

"Ààtàn Morádéún! Ṣé ó wà ní Ààtàn Morádéún?"

Ó rọra dìde.

"Ó wà o," ni ó wí.