Ọpẹ́ Àná

"Màmá, ọṣẹ títà nìyẹn o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọwọ́!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá ti kó ìró mẹ́ta àti aṣọ tábìlì sínú bàsíà ńlá tí ọmọ rẹ̀ po ọṣẹ olómi sí, ó ń fọ̀ wọ́n tọkàntọkàn, ọṣẹ sì ń hó dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Aṣọ yìí mà dọ̀tí o," ni Màmá wí. "Ta ló ni wọ́n ná? Ẹ sọ fún olúwarẹ̀ kó máa tọ́jú aṣọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ rẹ̀ yìí, àkọ́bí Màmá lọ́kùnrin, tó yà kí wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á. Nígbà tó wo ojú àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Àǹtí Ọ́fíìsì làwọn aládùúgbò ń pe àbúrò náà, nítorí bàtà gogoro tó máa ń wọ̀ kó-kó-kó kọjá níwájú wọn láràárọ̀. Bàtà ọ̀hún ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ọjọ́ tí Màmá ṣílẹ̀kùn jáde, tí wọ́n lọ rí i létí títì níbi tó ti ń béèrè ọ̀nà ilé kan tí wọ́n ti wó tipẹ́, lọmọ rẹ̀ pinnu láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àná kì í dúró lọ́dọ̀ Màmá mọ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ pátápátá.

Iṣẹ́ téèyàn lè jókòó sílé ṣe ni Àǹtí Ọ́fíìsì wá ń wá. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ó ṣe àbẹ́là, Màmá tan gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó gba aṣọ lílọ̀, Màmá, tó fi aṣọ títà darúgbó, ká aṣọ oníbàárà sínú àpótí tirẹ̀, ó tì í pa, kò sì rántí ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Bó bá ń wo iṣẹ́, kò ráyè wo Màmá. Bó bá sì ń wo Màmá, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

"Gbọ́," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "mi ò bá ẹ jà o. Àmọ́ mi ò lè máa wòran kí ebi máa pa ẹ̀yin méjèèjì. Tóṣù yìí bá parí, tí o ò tíì ríṣẹ́ tó dúró, màá mú Màmá lọ sílé mi, kí ìwọ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

"Ta ló máa wà pẹ̀lú wọn lọ́sàn-án? Ẹ̀yin àti ìyàwó yín kì í gbélé."

"A ó máa gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "A ó máa tì í. Kí wọ́n má baà sọnù ni."

Àyà Àǹtí Ọ́fíìsì já. Màmá tó mọ oníbàárà mọ ọmọ oníbàárà, tí kì í dákẹ́ láàárín èrò, ni wọ́n fẹ́ tì mọ́lé bí ẹrù! Ó dúró ti bàsíà, ó bú sẹ́kún. Màmá na ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ, ó bá a nu ojú. Ọṣẹ kó sí i lójú, ẹkún wá di méjì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Rewáyà kan ilẹ̀kùn. Ilé kejì ló ń gbé, iná mọ́tò ló ń tún ṣe. Ó di bàbá rẹ̀, tóun náà ti ń gbàgbé nǹkan, lọ́wọ́ mú.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ bá mi fojú sí Bàbá títí di ọ̀sán. Ìyàwó mi ti lọ sílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, oníbàárà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. Bàbá ni mò ń rò, ni mo bá lọ so wáyà fèrè mọ́ ti bíréèkì. Bí ọkùnrin náà ṣe ń tẹ bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ń figbe ta!"

Àǹtí Ọ́fíìsì fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú Rewáyà ti rẹ̀ jù. "Ẹ wọlé, Bàbá," ló wí.

Káfíńtà ni Bàbá nígbà tí agbára wà. Kò tíì jókòó tó fi gbọ́wọ́ lé tábìlì, tó mì í. "Tábìlì yìí yarọ."

"Ó ti pẹ́ tó ti yarọ, sà."

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ ni mo gbéṣẹ́ àpótí aṣọ fún?"

"Èmi ni."

"Ẹ mà pẹ́ o!"

"Pákó ni ò tíì gbẹ, ìyá aláṣọ."

Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí àpótí tí kò sí níbì kankan láyé. Àǹtí Ọ́fíìsì gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ síwájú Màmá kó máa ká a. Ó wá pákó pẹlẹbẹ kan fún Bàbá, kó máa wọn ẹsẹ̀ tábìlì. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó ṣàkíyèsí pé òun jókòó, òun sì ń mu omi tútù. Kò rántí ìgbà tírú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì gbálẹ̀ tán tí Rewáyà fi dé. "Àǹtí, ẹ ṣé àná o! Bàbá sùn bí ọmọ tuntun."

"Kò tọ́pẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ náà yà lọ́nà ibiṣẹ́. "Ẹ kú oore àná, mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ó rẹ̀ yín."

Wọ́n tún mú Bàbá wá. Onífótò tó wà ní kọ̀rọ̀ gbọ́, òun náà mú ìyá rẹ̀ àgbà wá, ìyá kan tó ti ṣe tíṣà rí, tó máa ń ní kí gbogbo wọn dìde kí ọ̀gá. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jí wá dúpẹ́ àná. Àǹtí Ọ́fíìsì wá jókòó ti ìyókù ọṣẹ rẹ̀, ó ń ronú. Nínú gbogbo àwọn tó ra ọṣẹ lọ́wọ́ òun, ta ló jí lọ́jọ́ kejì tó wá sọ pé ẹ ṣé àná? Ẹnì kan wá lóòótọ́. Ó wá fi ẹ̀wù rẹ̀ tó ti ṣá hàn án ni.

Nígbà tí Rewáyà na owó sí i, ó fò sẹ́yìn. "Háà! Kí n gbowó torí mo bá àgbà jókòó?"

"Àǹtí, owó bàbá mi kọ́ nìyí. Ta ló lè díye lé bàbá mi? Owó ìfọ̀kànbalẹ̀ mi ni. Látìgbà tí wọ́n ti ń wá síbí, mọ́tò oníbàárà mi kankan ò figbe ta mọ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ó gbà á, onífótò náà sì ń san tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó da gbogbo ọṣẹ tó kù sílẹ̀ pálọ̀, ó fi fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó so agogo kékeré mọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà jáde láìjẹ́ pé òun gbọ́.

Oṣù parí. Agogo dún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé pẹ̀lú báàgì tó fẹ́ fi kó ẹrù Màmá. Ó bá àgbà mẹ́ta nídìí tábìlì tí kò yarọ mọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà," Màmá kí i. Ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá yín dà? Ẹ ò mú wọn wá? Ẹ mú wọn wá o. Ibí dáa, ọmọbìnrin ibí mọ èèyàn tọ́jú."

Ọdún ti gorí ọdún tí bàbá wọn ti kú. Ọkùnrin náà gbé báàgì sílẹ̀. "Màá sọ fún wọn, mà."

Ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. "Ṣé iṣẹ́ tó dúró nìyí?"

"Ó dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí náà ni. Ọṣẹ ni mo fi ń dí i lọ́wọ́."

"Wọ́n á ní à ń fi ìyá wa ṣòwò."

"Ìyá wa gan-an lọ̀gá ibẹ̀. Ẹ lọ bá wọn ká aṣọ, ẹ ó rí i."

Ó lọ. Màmá gba èyí tó kọ́kọ́ ká, ó tú u palẹ̀. "Ta ló kọ́ yín ní aṣọ kíká?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ bá mi kí wọn. Àmọ́ wọn ò kọ́ yín dáadáa."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, omijé sì bá a jáde. Ó ká aṣọ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ń lọ, òfìfo báàgì ló gbé dání.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Àǹtí Ọ́fíìsì ń po ògì ìyá rẹ̀ lórí iná, Màmá sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ ṣé àná o," ló wí.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Kí la ṣe lánàá, mà?"

Màmá rò ó, ó rò ó. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Àmọ́ ó dáa."

Ọpẹ́ kún inú Àǹtí Ọ́fíìsì. "Kò tọ́pẹ́, mà," ló wí. Wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn níwájú ilé. Ó bá Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún Bàbá Káfíńtà.