Ẹnu Rọ́bà Kọjú sí Epo

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n sin Ardis, ìyàwó Lowell Tveit, ni katakata àtijọ́ tí Lowell fi ń gbé koríko fún màlúù dẹnu kọlẹ̀. Ó gbé ìdì koríko dé ìdajì, ni apá irin iwájú rẹ̀ tó gbé e bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ padà. Epo ń jò lára sílíńdà tó ń ti apá náà sókè, ó ń kán sórí yìnyín. Rédíò ti kéde pé ìjì yìnyín yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọjọ́ méjì gbáko ni yóò sì fi jà. Bí màlúù mọ́kànlélógójì náà kò bá yó kó tó dé, òtútù á pa nínú wọn. Lowell mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bà á lẹ́rù. Láti ọjọ́ tí Ardis ti kú, kò sí nǹkan tó dùn ún, kò sí èyí tó bà á lẹ́rù. Àwo oúnjẹ mẹ́rìnlá táwọn obìnrin àdúgbò gbé wá ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí téèpù nídìí rẹ̀, kò sì tíì dá ẹyọ kan padà.

Emmet Kraus tí oko wọn jọ pààlà yà wá wò ó, ó wo epo tó wà nílẹ̀, ó mi orí.

"Katakata yìí dàgbà ju èmi àtìẹ lọ, Lowell. Jẹ́ kó fẹ̀yìn tì. Màá gbé tèmi wá."

"Màlúù tìẹ náà ò tíì jẹun. Lọ bọ́ wọn."

Emmet ní ó dáa, ṣùgbọ́n tí aago mẹ́ta bá lù tí apá yẹn ò gbéra, òun á gbé tòun dé, kí Lowell má wulẹ̀ bá òun jiyàn.

Lowell tú sílíńdà náà, ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́, ó fa ọ̀pá inú rẹ̀ yọ. Rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú ti sán. Méjì tuntun wà nínú agolo kọfí tí Ardis ń kó wọn sí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Lowell fi ń tú sílíńdà yìí tó sì ń dì í, ṣùgbọ́n Ardis ló máa ń ki rọ́bà sí àyè rẹ̀, torí ìka Lowell ti tóbi jù. Ó fi omi gbígbóná mú ọ̀kan rọ̀ bí Ardis ti máa ń ṣe, ó fi tipátipá kì í bọlé, ó di gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tó tẹ apá náà sókè, epo tú jáde ju ti àárọ̀ lọ. Ó dúró, ó ń wò ó. Inú kò tilẹ̀ bí i.

Aago méjì ti kọjá, afẹ́fẹ́ sì ti dé. Ó tún un tú. Rọ́bà kan ṣoṣo ló kù, ó ti há sísàlẹ̀ agolo, ló bá dojú agolo délẹ̀. Téèpù kan wà nídìí agolo náà, ìkọ̀wé Ardis sì ni: "LOWELL. ẸNU RẸ̀ KỌJÚ SÍ EPO, KÌ Í ṢE SÍ Ọ. Mo mọ̀ pé o ò ní bi ẹnikẹ́ni."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lóòótọ́, rọ́bà náà ní ẹnu lápá kan, òun sì ti kọjú rẹ̀ síta. Ó ki èyí tó kù bọlé bó ṣe yẹ.

Nígbà tí Emmet fi máa dé, ìdì koríko ti wà lókè téńté, ọ̀pá irin gbẹ, Lowell sì jókòó sórí katakata, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára irin ìtẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé màlúù.

"Ó ti dúró?" Emmet bi í.

"Mi ò tíì mọ̀. Kò tíì na àtàǹpàkò sí mi."

"Ta ni?"

Lowell na ọwọ́ síbi tí Ardis máa ń dúró sí láti bá a wo ọ̀pá náà bóyá ó ń jò; tí kò bá jò, á na àtàǹpàkò sí i.

"Ardis," ó ní, ohùn rẹ̀ sì já.

Emmet bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ọ̀pá náà, ó ní kò jò. Lowell gbé koríko lọ bá àwọn màlúù, omijé sì ń dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.