Ìkòkò Tí Adájọ́ Mẹ́ta Mọ

Oorun ọ̀sán àná ni mo sùn tí mo fi lá àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín pé ìyá àgbà ń sùn lọ́sàn-án. Ẹni tó ti ń mọ ìkòkò láti ìgbà ọmọge títí irun fi funfun, oorun ọ̀sán tọ́ sí i.

Ẹ sáà mọ ohun tó wà nílẹ̀. Èmi Àwẹ̀ró ni àkọ́bí bàbá wa ní Ìpetumodù. Nígbà tí bàbá kú, Látúnjí àbúrò mi ní òun ni olórí ẹbí, pé obìnrin kì í ṣe é. Bó bá sì di olórí ẹbí tán, ilẹ̀ amọ̀ wa, níbi tí gbogbo obìnrin ilé wa ti ń wa amọ̀, yóò tà á fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù. Kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ dá a láre. Fọlásayọ̀, lọ́yà mi, ní kí n má sunkún, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò dá a. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn tí mo fi gbórí lé ẹní.

Àfi bí mo ṣe dé kọ́ọ̀tù náà. Kò sí nílẹ̀. Ojú òfuurufú ló wà, ó rọ̀ dirodiro bí ìtẹ́ ẹ̀gà, okùn kan ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ọ̀pẹ. Okùn náà ní, "Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá. Ẹ gùn mí, ẹ má wo ìsàlẹ̀." Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi," mo ká ìró sókè, mo gùn ún.

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó so táì. Ó ní, "Màmá, kí ni orúkọ yín?" Kí n tó dáhùn, irùngbọ̀n ti yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì ti hù lórí rẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ mẹ́rin tẹlẹ̀. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ o. Ó ní, "Mèéè!" Mo mọ̀ pé ó ní kí n jókòó ni. Mo kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá." Ṣé torí pé èèyàn di ewúrẹ́, kò tún yẹ lẹ́ni à ń kí mọ́ ni?

Nígbà tí mo wo iwájú, ẹnu mi là, kò lè padé. Adájọ́ mẹ́ta ni mo rí, obìnrin kan, ọkùnrin méjì, irun funfun ti adájọ́ wà lórí wọn, wọ́n ká aṣọ dé orúnkún, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀! Amọ̀ náà ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Àga tí mo jókòó lé sọ sí mi létí pé, "Òfin nìyẹn, Ìyá. Tútù báyìí ló máa ń wà kí wọ́n tó mọ ọ́n."

Ni wọ́n bá gbé ìdájọ́ kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ wọlé. Ìkòkò tútù ni, ó wọ́ sápá kan bí ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, ojú sì ń tì í.

Adájọ́ obìnrin bi í, "Ta ló mọ ọ́ báyìí?"

"Olúwa mi, ẹ má bá mi wí. Ìdí ìkòkò àtijọ́ ni wọ́n mọ mí lé."

Ara mi bù máṣọ! Ṣé ẹ mọ̀ pé bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn? A ó da ògbólógbòó ìkòkò dé, a ó tẹ́ amọ̀ tuntun bo ìdí rẹ̀, kí ọmọ lè jọ ìyá. N kò mọ̀ pé àwọn adájọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹjọ́ òní, ìdí ẹjọ́ àná ni wọ́n ń mọ ọ́n lé.

"Ẹ gbé ìyá rẹ̀ wá," ni adájọ́ obìnrin wí.

Ìkòkò ńlá kan yí gbirigbiri wọlé. "Ẹjọ́ oyè ni mí," ló wí. "Àwọn kan jà sí oyè ìlú láyé ọjọ́un, wọ́n fi mí parí ìjà. Mo ní ọkùnrin ló ń jẹ oyè yẹn. N ò mọ nǹkan kan nípa ilé bàbá ẹnikẹ́ni o!"

Adájọ́ obìnrin pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n mọ ẹjọ́ ilé lé ìdí ẹjọ́ oyè. Kí ló ṣe tí kò ní wọ́?" Ó lọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó fa ìkòkò kékeré kan tí eruku ti bò jáde. "Ìwọ ńkọ́?"

Ìkòkò kékeré wúkọ́. "Ẹjọ́ ilé lèmi. Wọ́n ti gbàgbé mi. Mo wí nígbà náà pé àkọ́bí ni àkọ́bí ń jẹ́, ìbáà hu irùngbọ̀n, ìbáà má hù ú."

Ìgbà yẹn ni Látúnjí wọlé, ó ru gbogbo ilẹ̀ amọ̀ wa sórí, tòun ti àwọn obìnrin tó ń walẹ̀ lọ́wọ́. Òógùn bò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́. Oníbàárà ti ń bọ̀." Mo ti dìde, àbúrò ẹni sáà ni, ni àwọn obìnrin orí rẹ̀ bá figbe ta, "Àwẹ̀ró! Má sọ̀ wá fún oníbúlọ́ọ̀kù!" Mo padà jókòó. Mo ní, "Látúnjí, rù ú sí i díẹ̀."

Adájọ́ obìnrin ti ìkòkò wíwọ́ bọ omi. Ìkòkò náà ní, "Háà, omi yìí tutù," ó sì yọ́. Ni adájọ́ obìnrin bá da ìkòkò kékeré dé, ó ń tẹ́ amọ̀ bò ó. Adájọ́ kejì ní, "Mo fara mọ́ ọn," ìkòkò tuntun ga dé àyà. Adájọ́ kẹta ní, "Èmi náà fara mọ́ ọn," ó ga kọjá òrùlé. Orin bọ́ sí mi lẹ́nu:

*Amọ̀ rọ̀ lọ́wọ́ wọn o,*
*Amọ̀ rọ̀.*
*Ọmọ àkọ́bí kì í dàbúrò o,*
*Amọ̀ rọ̀.*

Gbogbo kọ́ọ̀tù kéékèèké ilẹ̀ wa bá ń fò bọ̀ bí lékeléke, olúkúlùkù gbé amọ̀ tirẹ̀ dání, wọ́n fẹ́ mọ ọ́n lé ìdí ìkòkò yìí. Obìnrin kún ojú fèrèsé wọn, àwọn tí n kò rí rí, tí wọ́n ti lé jáde nílé bàbá wọn. Wọ́n ń gbe orin mi! Omi bọ́ lójú mi. Ìjà èmi àti Látúnjí lásán ni mo pè é tẹ́lẹ̀.

Látúnjí bi adájọ́, "Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

"Ó ku iná," ni adájọ́ obìnrin wí, ó nawọ́ sókè. Ilé kan tún wà lókè réré, èéfín ń rú níbẹ̀. "Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá sun níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pò ó pọ̀ mọ́ omi mọ́."

Látúnjí wo òkè, ó mí kanlẹ̀. Mo sún mọ́ ìkòkò náà, mo fìka kàn án bí a ti ń ṣe. Amọ̀ tútù kì í dún. Èyí dún: kọ́ọ́, kọ́ọ́, kọ́ọ́!

Mo lajú. Látúnjí ló ń kan ìlẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló dé?"

"Mo yá ará ilé kejì ní odó ìyàwó mi, odó là. Ariwo pọ̀, mo ní kí Adérójú, àkọ́bí mi obìnrin, bá wa dá a. Ó ní kí n bẹ ìyá òun níwájú gbogbo ilé! Ìdájọ́ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá."

"Ta lo wá fẹ́ kó tún un dá?"

"Ẹ̀yin kẹ̀! Ta ló tún kù nínú ilé yìí tí mo lè gbé e lọ bá?"

Mo wò ó. Kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Mo tún ìró mi ró, mo gbé àpótí sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó.

"Lọ pe ìyàwó rẹ wá," ni mo wí. "A kì í gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá."