Káàdì Ìkíni fún Alùpùpù Pupa

"‘Ìkíni mi lọ́sàn-án òní kì í ṣe fún ìyá mi, kì í sì í ṣe fún àfẹ́sọ́nà mi,’" Anakleta kà á sínú gbohùngbohùn, ohùn rẹ̀ ń dùn bó ṣe máa ń dùn ní gbogbo Sátidé. "‘Alùpùpù pupa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Señór Gaudénsiu tẹ́lẹ̀ ni mo ń kí.’"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Aláwàdà pọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ káàdì. Kò wo ìsàlẹ̀ kó tó máa kà á lọ.

"‘Alùpùpù mi ọ̀wọ́n, oṣù mẹ́ta gbáko ni èmi àtàwọn ọmọ mi fi jẹ núdùsì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ nítorí rẹ. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo rí ọ lọ́nà odò. Àbúrò ìyàwó Señór ló gùn ọ́, ọmọge kan sì dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ara rẹ ti le dáadáa. Jọ̀wọ́, máa bọ̀ nílé. Ẹ bá mi fi orin ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ sá lọ kí i. Èmi ni tiyín, Abọ́ Núdùsì Ogójì.’"

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì, Tiu Zefe, àgbàlagbà tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ rédíò náà, tó tún jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ ẹ̀rọ, gbé orí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rọra na ọwọ́, ó tẹ orin sí i. Orin náà kò tíì dé ibi ègbè tí fóònù fi dún.

"Kleta! Ta ló kọ ìranù yẹn?" Señór Gaudénsiu ni.

"Ẹ kú ọ̀sán, Señór. Abọ́ Núdùsì Ogójì ni."

"Ṣé orúkọ èèyàn nìyẹn?"

"Orúkọ tó wà lára káàdì nìyẹn, Señór."

"Ó dáa. Tí o bá tún ka irú ẹ̀ míì, mà á yọ ìpolówó mi kúrò níbẹ̀, mà á sì yọ epo jẹnẹrétọ̀ tí mò ń fún yín mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ lọ máa fẹnu lásán pariwo látorí òkè!" Ó já fóònù mọ́ ọn létí.

Ní Fatuleten, nínú àwọn òkè kọfí wọ̀nyí, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ ètò ọ̀sán Sátidé. Sentavu mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ń ta káàdì rẹ̀ ní gbogbo ìsọ̀. Èèyàn á kọ ẹni tó fẹ́ kí, á kọ orin tó fẹ́, á sì fi orúkọ àwàdà kan sísàlẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ara oko ni wọ́n ń pè é. Lókè ilẹ̀kùn yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, Tiu Zefe ti fi ọ̀dà kọ òfin kan ṣoṣo síbẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ṣí rédíò náà: KÁÀDÌ TÍ A BÁ RÀ, A Ó KÀ Á BÓ ṢE WÀ.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù yìí kì í sì í ṣe irọ́. Ní oṣù kẹta ni Señór Gaudénsiu gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó so ribọ́n mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni ń múra ìyàwó. Ẹni tó bá kó ogún ọ̀rá núdùsì wá yóò gba ìwé gègé kan. Lọ́jọ́ ọdún ẹni mímọ́ Santo António, lóṣù kẹfà, ni wọn yóò ṣẹ́ gègé náà, ẹni tó bá mú ni yóò gun alùpùpù lọ sílé. Ohùn Anakleta ló polówó rẹ̀. "Ẹ jẹ ẹ́, ẹ kó ọ̀rá jọ, ẹ gùn ún lọ ilé!" Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, àwọn ọmọdé ń fi kọrin níbi tí wọ́n ti ń ká kọfí. Ilé tí wọ́n ti ń se àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀wà àti elégédé láti ayébáyé yí padà sí núdùsì. Ìyá Anakleta gan-an, tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa iyọ̀, jẹ ọgọ́rin ọ̀rá láìbojúwẹ̀yìn.

Ọjọ́ Santo António dé, ó kọjá. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ gègé kankan. Láti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni alùpùpù ò ti sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ribọ́n nìkan ló kù nílẹ̀. Àwọn èèyàn kò lè bi Señór léèrè, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń ra ìrẹsì àti ìṣó. Anakleta, tí wọ́n ń pè ní Mana, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin, ni wọ́n ń bi lọ́jà. "Mana Kleta, alùpùpù wa ńkọ́?" Á ní, "Ẹ ní sùúrù díẹ̀," á yára kọjá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tó ti ń yára kọjá, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, káàdì ti tán ní gbogbo ìsọ̀. Ní Ọjọ́rú, Tiu Zefe gbé páálí kan wọlé, ó dà á sórí tábìlì. Káàdì bo tábìlì, òmíràn bọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni gbogbo ẹ̀," ó ní. "Mo ti ka ogójì. Ẹnì kan tiẹ̀ kí ribọ́n, ó ní kó má sunkún."

Anakleta kò rẹ́rìn-ín. "Tiu, tí Señór bá gba epo ẹ̀, ọjọ́ mélòó la lè fi sọ̀rọ̀?"

"Ọjọ́ wo? Èyí tó wà nílẹ̀ kò lè ju wákàtí kan lọ."

"Ẹ ò wá sọ fún mi pé kí n má kà á?"

Tiu Zefe jókòó. Nígbà ayé àwọn àjèjì tó jẹ gàba lé wọn lórí, ọ̀dọ́kùnrin ni, inú àpò kọfí ló máa ń fi rédíò kékeré kan pamọ́ sí. Inú igbó ló ti ń gbọ́ ìròyìn lábẹ́ aṣọ, ó sì mọ àwọn tí wọ́n mú nítorí irú rédíò bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tún fojú kàn mọ́. Kì í fẹ́ sọ ọ́. Ọjọ́ náà ló sọ díẹ̀.

"Nínú igbó lọ́hùn-ún, mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ tá a bá gba òmìnira, ọ̀rọ̀ ńláńlá ni rédíò tiwa á máa sọ. Mi ò mọ̀ pé núdùsì ló ń bọ̀!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n wò ó, Kleta. Ẹni tí ò bá lè béèrè alùpùpù, ṣé ó máa lè béèrè afárá lọ́wọ́ ìjọba? Ìwọ lo ni Sátidé. Ohun tí o bá ṣe, ẹ̀yìn ẹ ni mo wà."

"Ẹ ń dá mi dá a nìyẹn."

"Mo ń dá ẹ dá a ni. Àgbà ni mí, mo ti sá púpọ̀ nínú igbó, ó kù sọ́wọ́ yín."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Anakleta mú òfìfo káàdì kan, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Señór Gaudénsiu wà lẹ́yìn káńtà, ó ń fi ìrù ẹṣin lé eṣinṣin lórí ẹja gbígbẹ. Ọkùnrin tó sanra, tó máa ń ṣàwàdà ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kò bá a lára mu.

"O wá ra núdùsì?"

"Ká má rí i, Señór. Mo wá gbọ́ tẹnu yín ni. Lọ́la mà á ka káàdì wọn. Kò bójú mu kí n ka ti gbogbo ìlú kí n má ka tiyín."

"Tèmi? Ṣé èmi ni mà á máa fi sentavu mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bẹ àwọn tó ń ká kọfí?"

"Ẹ má bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín, mà á kà á bó ṣe wà." Ó fi káàdì náà sórí káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja.

"Gbé páálí rẹ kúrò níbí! Epo tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ rọra lò ó, èyí tó kẹ́yìn nìyẹn."

Ó jáde. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé Señór kò ju káàdì náà sílẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó kí gbogbo ènìyàn bó ṣe máa ń kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ti Opó Tó Ń Jó. Ó ka ti Àkùkọ Tí Kò Tíì Jà, tó ní òun ti ta àkùkọ ìjà òun kan fi ra núdùsì, ẹ̀rí ọkàn ń dá òun lẹ́bi. Ó ka ti ẹni tó kí ribọ́n. Lójú fèrèsé, ó ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ti gun òkè wá, tí wọ́n jókòó sórí koríko, tí wọ́n ń dára wọn mọ̀ látinú orúkọ àwàdà wọn. "Áà, ìwọ ni Opó Tó Ń Jó! Ṣebí ọkọ rẹ wà láyé?" "Ó ń sùn ni, kí ló fi sàn ju òkú lọ?" Inú Anakleta dùn débi pé ó gbàgbé epo.

Bó ṣe ń ka káàdì kẹtàdínlógún, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Iná kékeré tó ń tàn lára ẹ̀rọ pa. Àwọn tó wà níta gbọ́ bí àwọn rédíò ìsàlẹ̀ òkè ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó parí," Tiu Zefe wí.

Kò parí. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá, obìnrin kan tó ń ta epo lẹ́bàá títì gun òkè wá, ó gbé ìgò omi kan lọ́wọ́, epo ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ ò tíì ka tèmi," ó ní. Ọkùnrin awakọ̀ kan tẹ̀lé e, ìdajì ìgò ló mú wá, ó fà á látinú ọkọ̀ rẹ̀ tí èrò ṣì jókòó sínú ẹ̀. Ìgò ń bọ̀ ní méjì, ní mẹ́ta. Tiu Zefe ń dà á sínú jẹnẹrétọ̀, kò sì tijú láti nu ojú rẹ̀ níwájú wọn. Ó fa okùn, jẹnẹrétọ̀ dáhùn. Ariwo tó sọ lórí òkè náà, wọn ò nílò rédíò kí wọ́n tó gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

Àárín ariwo yẹn ni Señór Gaudénsiu gbà wọlé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Àwọn èèyàn yà fún un. Ó wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ó na káàdì sí Anakleta. Tíntín ló kọ̀wé síwájú àti sẹ́yìn.

"Kà á bó ṣe wà," ó ní.

"Ẹ ò tíì san owó ẹ̀, Señór."

"Ìwọ lo fi sórí káńtà mi!"

"Káàdì tá a bá rà là ń kà." Ó tọ́ka sí òkè ilẹ̀kùn.

Señór wo òfin náà, ó wo Tiu Zefe, tó ń wo àjà. Ó tọwọ́ bàpò, ó sọ owó wẹ́wẹ́ náà sínú agolo mílíìkì tó wà lórí tábìlì. Wọ́n gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́.

"‘Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ará Fatuleten,’" Anakleta kà. "‘Èmi ni Ẹni Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sùn. Òótọ́ ni, alùpùpù ti rìn. Àbúrò ìyàwó mi ló yá a láti fi wá ìyàwó lọ sí abúlé kejì. Ó ní ọjọ́ méjì, ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó gbé e bọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀, ojú tì mí, mo bá dákẹ́. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti pààrọ̀ táyà rẹ̀. Lọ́la lẹ́yìn Máàsì, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ṣẹ́ gègé.’"

Ìta hó. Ẹnì kan ń lu agbada. Anakleta ń rẹ́rìn-ín bó ṣe yí káàdì sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì sáré síwájú ẹnu rẹ̀. Ó rí orúkọ ara rẹ̀.

Ó lè fò ó. Ó lè ní káàdì ti tán, kí Tiu Zefe tẹ orin, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ yìí, tó ń nu òógùn, tó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó fa gbohùngbohùn mọ́ra.

"‘Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mana Kleta, o ń ro ẹjọ́ mi fáráyé. Ohùn ta ni ìlú gbọ́ pé Ọjọ́ Santo António ni? Nígbà tí ọjọ́ náà kọjá, ìwọ náà ò wí nǹkan kan. Ojú ló ń ti èmi. Kí ló ń ṣe ìwọ?’"

Níta, ẹni tó ń lu agbada dáwọ́ dúró. Señór Gaudénsiu fúnra rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó dà bí ẹni tí kò rò ó pé Anakleta yóò kà á.

Anakleta ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó mú sentavu mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sọ ọ́ sínú agolo, ó mú òfìfo káàdì kan. Ó kọ ọ́ níbẹ̀, níwájú gbohùngbohùn tó ṣí sílẹ̀, gbogbo ìlú ń gbọ́ bí bíírò ṣe ń họ páálí. Lẹ́yìn náà ó kà á.

"‘Ìkíni mi fún gbogbo ẹni tó jẹ núdùsì nítorí ohùn mi. Epo jẹnẹrétọ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá, mo sì dákẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe màgòmágó, ìwé gègé mẹ́rin tó wà nílé wa kò ní wọnú agbọ̀n lọ́la. Ẹ fi orin tó dùn jù kí wọn. Èmi ni Anakleta, ọmọ Ermelinda.’"

Orúkọ bàbá ni wọn kì í kọ síbẹ̀, òun kọ ti ìyá. Tiu Zefe ti gbé ọwọ́ láti tẹ orin nígbà tí ìró kan dún níta, bí ẹni tó ń ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fèrèsé ṣí gbàgà. Ìyá arúgbó kan yọ orí wọlé, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwé gègé ta ni kò ní wọnú agbọ̀n?"

"Màmá..."

"Ṣé ìwọ lo jẹ ẹ́ ni? Ọgọ́rin ọ̀rá! Dókítà ń pariwo, mo ń jẹ, iyọ̀ ń pa mí, mo ń jẹ!"

Señór Gaudénsiu bú sẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró. Tiu Zefe gbé orí lé tábìlì. Anakleta ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti fọwọ́ bo gbohùngbohùn, ó ti pẹ́ jù.

Ìyá Ermelinda kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó sọ sentavu mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú agolo.

"Fún mi ní káàdì kan," ó ní.