Ajá Tó Ń Ná Karọ́ọ̀tì ní Òkè-Àjẹ

"Ajá tí ẹ ń wò yìí, láàárọ̀ àná, òun nìkan ló gbé apẹ̀rẹ̀ há ẹnu tó lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ. Ó ń yan karọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wọ́, á fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Nígbà tí Haúsá tó ń tà á pe iye tó fẹ́ gbà, ajá yìí mi orí, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ sílé. Haúsá ló sáré pè é padà!"

Albert ló ń sọ̀rọ̀, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Yẹ̀kínì onígbàjámọ̀ ní Ìjàsí. Ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. Ajá ọ̀hún nà gbalaja sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sanra bí àpò gààrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ẹnu rẹ̀ pa. Kò jọ pé ó lè dá rìn dé etí gọ́tà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Òkè-Àjẹ.

"Èdè wo ló fi ná ọjà?" Yẹ̀kínì béèrè, kò gbé abẹ rẹ̀ kúrò lórí ẹni tó ń fá.

"Ìjẹ̀bú ni. Haúsá yẹn gbọ́ Ìjẹ̀bú ju ìyá tó bí mi lọ."

Síkírù télọ̀, tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí òdìkejì ọ̀nà, pariwo láti ibẹ̀: "Albert! Irọ́ yẹn tóbi, bù ú kéré!"

"Irọ́ kẹ̀? Láti ọjọ́ tí dókítà ẹran ti ní kó yé jẹ ẹran ni kò ti wo ẹran mọ́. Bó bá ń kọjá níwájú tábìlì Àbúdù alápatà, ńṣe ló ń dijú!"

"Ó dáa. Fún un ní karọ́ọ̀tì kan ká rí i."

Karọ́ọ̀tì kan ṣoṣo wà nínú àpò Albert lóòótọ́, ó ti ń rọ bí okùn. Ó tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ imú ajá. Ajá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wo Albert bí ẹni tí wọ́n fi ìwé owó-orí lọ̀, ó sì gbé orí padà lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín bú ní Ìjàsí. Ẹni tí wọ́n ń fá lórí rẹ́rìn-ín débi pé díẹ̀ ló kù kó fi etí kan sílẹ̀ fún Yẹ̀kínì.

"Ó ti yó ni," Albert sọ. "Mẹ́rìndínlógún ló jẹ láàárọ̀."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ajá dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rìn dé etí gọ́tà, ó tọ̀, ìtọ̀ náà sì pọ́n, ó ṣókùnkùn bí àgbo èèpo igi. Ó padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Síkírù ti sọdá. Ó wo gọ́tà, ó wo ajá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Albert," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ lèyí o. Ìgbà wo ni Ìyá Tíṣà ń bọ̀?"

"Lónìí," Albert dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. "Ọkọ̀ Èkó aago méjì."

Ìyá Tíṣà ni Mọ́ṣádé Adébóyè, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìró bàtà rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí ìdajì Ìjẹ̀bú-Òde jókòó dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ajá náà ní Bá-ò-kú-ìṣe-ò-tán, kí àwọn aládùúgbò kan lè máa gbọ́ ọ tàárọ̀ talẹ́. Àwọn ará ilé ké e kúrú sí Báòkú. Ọkọ kú, àwọn ọmọ wà l'Ékòó, ó wá ku ajá nìkan tó ń pàdé Ìyá Tíṣà lẹ́nu géètì. Albert ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé, òun ló ń bójú tó ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká sọ òótọ́, ajá ló ń bójú tó ìyá.

Ìfẹ́ yìí náà ló fẹ́ pa ajá. Búrẹ́dì, ẹran, ọ̀rá ẹran, gbogbo ohun tí ìyá bá ń jẹ ni Báòkú ń jẹ, títí tó fi di pé bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, á máa mí bí ẹ̀rọ ìlọta. Dókítà Olúyọmí, tó ń tọ́jú ẹran, ní kí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù, bó bá sì ń tọrọ nǹkan ìpanu, karọ́ọ̀tì bíbọ̀ ni, tàbí elégédé tí kò níyọ̀, tàbí apálá. "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fẹnu kan àlùbọ́sà. Májèlé ni fún ajá." Nígbà tí Rose, ọmọ Ìyá Tíṣà, bímọ l'Ékòó, tí ìyá fẹ́ lọ wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ra karọ́ọ̀tì apẹ̀rẹ̀ kan sínú firíìjì, ó sì fi bírò pupa kọ ọ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: ÀLÙBỌ́SÀ, RÁRÁ O. Albert kà á sókè fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé mẹ́fà ló kà, ìyẹn sì tó fún RÁRÁ O.

Ní ọjọ́ kìíní, Albert bọ karọ́ọ̀tì. Ó tọ́ ọ̀kan wò bóyá ó ti jinná. Ó dùn. Ó tọ́ èkejì wò bóyá ti àkọ́kọ́ kì í ṣe èèṣì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, apẹ̀rẹ̀ ti di òfìfo, àfi ọ̀kan tó yí sábẹ́ páálí mílíìkì. Báòkú jókòó ti Albert, ó ń wò ó lójú. Ìkọ́kọrẹ́ ewùrà tí Ràmọ́tà olóúnjẹ ń tà ló wà lọ́wọ́ Albert nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbóná, ó ń ta sánsán dé òde ọ̀run. Àánú ṣe é. Ajá Ìjẹ̀bú wo ni kò ní jẹ ìkọ́kọrẹ́? Ó da ìdajì fún un, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò wá sí i lọ́kàn pé àlùbọ́sà wà níbẹ̀. Lójú Albert, àlùbọ́sà ni nǹkan roboto tó ń pani lẹ́kún. Ìkọ́kọrẹ́, ìkọ́kọrẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí ajá ṣubú ní Ìjàsí yìí, Albert tó máa ń ní ẹ̀yìn ń dun òun bí wọ́n bá ní kó gbé garawa omi, òun ló gbé Báòkú kọ́ èjìká tó sì sáré láti Ìjàsí dé ilé ìwòsàn ẹran, láìdúró, láìkí ẹnikẹ́ni. Mọ́tò mẹ́rin ló yà fún un lọ́nà.

Dókítà Olúyọmí ṣí ètè ajá. Èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

"Kí ló ń jẹ?"

"Karọ́ọ̀tì, sà," Albert dáhùn kíá. Ahọ́n rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, kò dúró de ọgbọ́n. "Karọ́ọ̀tì láàárọ̀, elégédé lọ́sàn-án, apálá nírọ̀lẹ́. Ara rẹ̀ le, sà! Níjẹta, ó lé mọ́tò Péjò kan dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mọ́tò ló kọ́kọ́ rẹ̀."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Kó tó sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Tíṣà wọlé tòun ti báàgì Èkó lọ́wọ́. Síkírù ló pàdé rẹ̀ níbùdókọ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ kúnlẹ̀ ti tábìlì, ó fi ọwọ́ kan orí ajá. Ìrù Báòkú lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan, pó, ó sì dákẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, mà," dókítà wí. Ìyá yìí ló kọ́ ọ ní ìṣirò, ó ṣì ń nàró ṣánṣán bó bá rí i. "Ohun méjì ló sábà máa ń fa irú ìtọ̀ yìí. Ọ̀kan ni ibà tí eégbọn ń kó ran ajá. Èkejì ni àlùbọ́sà, torí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Bó bá jẹ́ eégbọn, abẹ́rẹ́ yìí ló yẹ kí n gún un báyìí. Ṣùgbọ́n ó le. Bó bá jẹ́ àlùbọ́sà ni, tí mo wá gún un ní abẹ́rẹ́ yìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kù lára rẹ̀, kò ní rí ìrọ̀lẹ́."

"Kì í ṣe àlùbọ́sà," Ìyá Tíṣà sọ. "Mo kọ ọ́ mọ́ firíìjì. Albert kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yìí, ẹnu ló ní, kò níkà nínú. Gún un, Olúyọmí."

Dókítà fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Albert wo ògiri. Ó wo àjà. Àlùbọ́sà? Ojú inú rẹ̀ wá rí ìkòkò Ràmọ́tà, tí àlùbọ́sà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tó sá lọ sódò. Bó bá sọ̀rọ̀, yàrá ẹ̀yìnkùlé lọ nìyẹn, iṣẹ́ lọ, ojú tí ìyá fi ń wò ó lọ pẹ̀lú. Bí kò bá sọ̀rọ̀, eégbọn ló pa ajá. Eégbọn kò sì lè jẹ́rìí. Báòkú na ahọ́n, ó lá ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró!" Albert kígbe. "Ẹ dúró, sà! Ìkọ́kọrẹ́ ni."

"Ìkọ́kọrẹ́ ti ta ni?"

"Ti Ràmọ́tà."

"Ti Ràmọ́tà!" Dókítà ju abẹ́rẹ́ sínú àwo bí ẹni tó di iná mú. "Ìyẹn tí àlùbọ́sà rẹ̀ ju ewùrà lọ? Èmi náà ń jẹ ẹ́! Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́ta, sà." Albert wo ajá. "Mẹ́wàá. Mẹ́wàá ni òótọ́."

Ìyá Tíṣà kò gbójú sókè. "Karọ́ọ̀tì ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹ́, mà."

"Odindi apẹ̀rẹ̀?"

"Ó dùn, mà."

Dókítà ti ń so omi mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ajá, ó ń wá oògùn mìíràn. Ó ní bí ajá bá rí òwúrọ̀ ọ̀la, ó ṣeé ṣe kó yè. Ìyá Tíṣà jókòó lórí àga. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ, irọ́ tí wọ́n ti pa fún un á kún ilé méjì àti àjà. Ó béèrè pé:

"Síkírù ní o gbé e kọ́ èjìká láti Ìjàsí. Ṣé irọ́ nìyẹn náà?"

Albert yí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí i. Irun ajá lẹ̀ mọ́ ọn láti ọrùn dé ìdí, ìtọ̀ pupa sì ti ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ìyá wò ó pẹ́.

"Lọ ra karọ́ọ̀tì," ó ní. "Tó bá jí, á fẹ́ jẹun. Bọ̀ ọ́ kó rọ̀, gé e wẹ́wẹ́, má fi iyọ̀ sí i." Ó na ìka sí i. "Má sì tọ́ ọ wò."

Báòkú rí òwúrọ̀ ọ̀la. Ó rí ọ̀tunla pẹ̀lú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, Albert ń bọ karọ́ọ̀tì, ó ń gé e bí èékánná, ó ń gbé itọ́ mì bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ nílé ìyàwó. Ajá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Albert bẹ̀ ẹ́, ó kọrin fún un, ó pè é ní kábíyèsí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí wọ́n bá ṣí ọmọrí ìkòkò nílé ìdáná, Báòkú á ti fò dìde láti géètì. Ọ̀rá ara rẹ̀ ń lọ. Ìyá Tíṣà fi ọwọ́ wá ìhà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí i, ó sì sọ fún Rose nínú lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n ara Albert náà ti yá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó padà sórí bẹ́ǹṣì Yẹ̀kínì, ajá lábẹ́ rẹ̀, karọ́ọ̀tì bíbọ̀ nínú ọ̀rá nínú àpò.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni!" ó ń wí. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n fà sí i lára! Lítà mẹ́rin!"

"Lítà mẹ́rin?" Síkírù dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. "Kí ló wá ń gbé ìwọ rìn?"

"Ìgboyà ni! Ẹ̀jẹ̀ ajá náà sì wọ ara mi. Mo ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti Ìmùṣin. Lọ́jọ́ kejì, mo tilẹ̀ gbó. Ìyá Tíṣà fúnra rẹ̀, nígbà tó rí ohun tí mo ṣe, ó wólẹ̀ fún mi lójú dókítà, ó ní, 'Albert, bàbá mi!'"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì ti gbé abẹ sókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Síkírù ń wo ohun kan lẹ́yìn Albert.

"Ṣé mo kúnlẹ̀ ni," ohùn kan béèrè pẹ̀lẹ́, "àbí mo dọ̀bálẹ̀?"

Albert kò wẹ̀yìn. Ó mọ ohùn yẹn, ó sì mọ ìró bàtà yẹn tí kò gbọ́ nítorí ariwo ara rẹ̀. Ó gbéra. Sálúbàtà rẹ̀ kan kù sábẹ́ bẹ́ǹṣì, èkejì bá a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Síkírù, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Karọ́ọ̀tì ń fò pẹ́pẹ́ nínú àpò rẹ̀. Báòkú gbóòórùn, ó ta dìde, ó gbá tẹ̀lé e.

Ìyá Tíṣà la ẹnu láti pe ajá padà. Ó ti pẹ́ tó ti rí ajá náà tó sáré. Kò tilẹ̀ rántí bóyá ọkọ òun ṣì wà láyé nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó pa ẹnu dé.

Àbúdù alápatà ti gbé itan màlúù kan kọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀, ní ojú ọ̀nà gan-an. Albert kọjá lára rẹ̀. Báòkú dé ibẹ̀, kò dúró, kò yí ọrùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àpò ṣòkòtò tó ń sá lọ níwájú rẹ̀.

"Ó mà kọjá lára ẹran!" Yẹ̀kínì pariwo.

Síkírù bọ́ sí àárín títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Albert! Albert o! Òótọ́ ni! Òótọ́ lo sọ!"

Albert gbọ́ tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó rò pé wọ́n ti ń lé òun bọ̀, ó sì tún fi kún eré.